Ìbọn ogun àtijọ́ di ìṣúra l'Amẹ́ríkà: Ẹni tó bá fẹ́ máa kó o jọ, ìmọ̀ ni kó kọ́kọ́ rà

Àwọn àgbà ní, ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò gbà kí wọ́n dojú rẹ̀ kọ òun? Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló wà nílẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń fowó gidi ra ìbọn tí àwọn ológun ti fi jagun tì, tí wọ́n sì ń tò ó jọ sílé bí ẹni to ẹrù iyebíye. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ jagun o. Ìtàn tó wà lára irin náà ni wọ́n ń rà.

Lára àwọn tí òkìkí wọn kàn ni Mosin-Nagant ti Rọ́ṣíà, ọdún 1891; Lee-Enfield ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1895; Mauser 98k ti Jámánì, ọdún 1935; àti M1 Garand ti Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, ọdún 1936. Lee-Enfield kì í ṣe àjèjì sí ìran wa. Òun ni àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun 81 àti 82 gbé kọ́ èjìká wọ igbó Bọ́mà lọ, láàrin ọdún 1943 sí 1945, nígbà tí wọ́n ń bá àwọn ará Japan jà.

Nígbà tí ìjọba Soviet tú ká lọ́dún 1991, ìbọn tí wọ́n ti kó pamọ́ látọjọ́ pípẹ́ ya wọ ọjà Amẹ́ríkà. Fún ọdún púpọ̀, owó Mosin-Nagant kò tó 100 dọ́là, òun sì ni ọ̀pọ̀ ọ̀gbẹ̀rì fi bẹ̀rẹ̀. Àsìkò yẹn ti kọjá. Owó rẹ̀ ti fò sókè, àṣìṣe ẹni tó bá kù gììrì rà á kò sì kéré mọ́.

Kí ni kí olùbẹ̀rẹ̀ yẹ̀ wò? Àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà. Ilé iṣẹ́ máa ń tẹ nọ́ńbà sára oríṣiríṣi ẹ̀yà ìbọn. Bí gbogbo rẹ̀ bá dọ́gba, iye rẹ̀ ga. Bí kò bá dọ́gba, a jẹ́ pé wọ́n ti ṣa á pọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ Mauser tí àwọn ará Soviet gbà lójú ogun ni wọ́n tú palẹ̀, tí wọ́n sì tún tò pọ̀ láìwo èyí tó bá èyí mu.

Èkejì ni inú ọ̀pá ìbọn. Ọ̀pọ̀ ọta àtijọ́ máa ń fi iyọ̀ tó ń jẹ irin sílẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹni tó yìn ín kò bá fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kó sì fi òróró pa á, ìpẹtà dé nìyẹn. Ẹ̀kẹta, kí alágbẹ̀dẹ ìbọn yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹnikẹ́ni tó yìn ín. Bí àyè tí ọta ń jókòó sí bá ti fẹ̀ jù, ọta lè bú gbàù mọ́ ẹni tó mú ìbọn náà lójú.

Ẹ̀kẹrin ló ń ba ọ̀pọ̀ olùbẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ jẹ́: wọn a gbé sáńdípépà, wọn a ha igi ìbọn náà títí yóò fi máa dán. Wọn kò mọ̀ pé àwọn àmì ilé iṣẹ́ àti ojú ọgbẹ́ ogun tí wọ́n ha dànù ni iye ìbọn náà gan-an.

Ṣùgbọ́n òfin ló ṣáájú gbogbo rẹ̀. L'Amẹ́ríkà, ìjọba àpapọ̀ ka ìbọn tó ti pé 50 ọdún sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, wọ́n sì ní láísẹ́ńsì tiwọn fún àwọn tó ń kó o jọ. Síbẹ̀, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá fi físà àlejò tàbí ti akẹ́kọ̀ọ́ gbé ibẹ̀ kò gbọdọ̀ ní ìbọn lọ́wọ́, àfi bí ọ̀kan nínú ìwọ̀nba àyè tí òfin yọ sílẹ̀ bá kàn án. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ìwé àṣẹ ọlọ́pàá ni. Ní Nàìjíríà, òfin ìbọn ọdún 1959 ka ìbọn ológun mọ́ ohun ìjà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní láìgba àṣẹ Ààrẹ. Ẹni tó bá rò pé òun yóò gbé ọ̀kan bọ̀ wálé gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí, ẹ̀wọ̀n ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà.

Àmọ́ ìtàn kò ní kí ẹnikẹ́ni gba láísẹ́ńsì. Ìwé tí wọ́n fi dá bàbá àgbà sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ológun, àwòrán rẹ̀ nínú aṣọ sójà, àti àmì-ẹ̀yẹ Burma Star tó ń pẹtà nínú àpótí, àwọn náà tó kó jọ. Ìbọn kò lè sọ orúkọ ẹni tó gbé e lọ sójú ogun. Àwọn ìwé wọ̀nyí lè sọ ọ́, bí ikán kò bá ti jẹ wọ́n tán.