Wọ́n fòfin de kẹ́míkà, ta ló sọ fún àgbẹ̀ Agosasa?

Agosasa wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ipokia, kò jìnnà sí ẹnubodè ilẹ̀ Benin. Ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo pọ̀ lóko wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń rẹ gààrí mu l'Ékòó, ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ yìí ò kàn yín.

Mo bá bàbá kan lóko níbẹ̀ tó ń po oògùn apakoríko. Ọwọ́ lásán ló fi ń dà á sínú páńpù tó fẹ́ gbé kọ́ ẹ̀yìn, kò wọ ìbọ̀wọ́, kò bo imú. Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ pé májèlé ni?" Ó rẹ́rìn-ín. "Lọ́yà, koríko ló ń pa. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń fín in, ṣé mo kú?" Mo gba ike náà wò. Gẹ̀ẹ́sì wínníwínní ló kún ara rẹ̀, bàbá ò sì kàwé. Èmi gan-an ní láti gbé e súnmọ́ ojú kí n tó rí i pé paraquat ni.

NAFDAC ti fòfin de paraquat láti ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2024. Kò ní ẹ̀rọ̀. Ẹnu kan péré lè pa èèyàn: ẹ̀dọ̀fóró á máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ tètè gbé onítọ̀hún dé ọsibítù. Ó tún máa ń gba ojú egbò wọ ara. Láti 2007 ni Ìṣọ̀kan Yúróòpù ò ti gbà á láyè mọ́. (Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣì ń ṣe é ní Huddersfield, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń kó o ránṣẹ́ sílẹ̀ òkèèrè. Ọmọ ẹlòmíì kì í ṣe ọmọ wọn, abí?)

Ti ìlú ńlá náà wà níbẹ̀. Dichlorvos ló wà nínú Sniper tá a mọ̀ bí ẹni mowó. Láti oṣù Kẹsàn-án 2019 ni NAFDAC ti ní kí wọ́n má ta ike 100ml rẹ̀ lọ́jà gbangba mọ́. Ní 2015, Yúróòpù kọ ẹ̀wà gbígbẹ wa torí pé dichlorvos inú rẹ̀ kọjá ìwọ̀n. Ẹ̀wà tí wọ́n kọ̀ lọ́hùn-ún, ta ló jẹ ẹ́?

Wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ òfin pé àìmọ òfin kì í ṣe àwíjàre. Ṣùgbọ́n òfin tí ẹnikẹ́ni ò fi èdè tí bàbá yẹn gbọ́ sọ fún un, mi ò mọ bá a ṣe fẹ́ dá a lẹ́bi lórí rẹ̀. Kí NAFDAC sọ ọ́ di dandan pé kí Yorùbá àti Ègùn wà lára ike kẹ́míkà tí wọ́n ń tà lágbègbè yìí, kí àwòrán tó ṣe kedere wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kí wọ́n ké e lórí rédíò lásìkò tí àgbẹ̀ ń palẹ̀ oko mọ́, kì í ṣe lórí Twitter. Kí ìjọba ìbílẹ̀ sì rán òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn lọ gba èyí tó ṣì wà nílé àwọn àgbẹ̀, láì fi ọlọ́pàá halẹ̀ mọ́ wọn.

Ní ti ike tó ti ṣófo, ẹ gún un nídìí kí ẹnì kankan má baà fi bu omi tàbí epo pupa.