Ohun tí ẹyẹ òkun ń jẹ, àwa náà ń jẹ ẹ́



Bí ẹ bá dé Kùtọ́nù, ẹ lọ sí etí òkun láàárọ̀. Ẹ óò rí àwọn apẹja tí wọ́n ń fa àwọ̀n. Ẹ lè rí àwọn ẹyẹ òkun tí ń fò lókè orí wọn. Ẹja tí ẹyẹ ń wá ni àwa náà ń wá. Nítorí náà, bí nǹkan bá ṣe ẹyẹ, ó yẹ kí a béèrè ohun tí ó jẹ.

Ẹ gbọ́ ìtàn yìí. Ní Amẹ́ríkà, ilẹ̀ kan wà láàárín òkun tí wọ́n ń pè ní Anacapa. Ibẹ̀ ni ẹyẹ òfú ti ń yé ẹyin. Òfú ni ẹyẹ ńlá tí ó ní àpò lábẹ́ ẹnu. Ẹja ni oúnjẹ rẹ̀. Ní ọdún 1970, ẹyin ń fọ́ lábẹ́ ìyá wọn, nítorí èèpo rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ jù. Ọmọ ẹyẹ kan ṣoṣo ni ó yè níbẹ̀ lọ́dún náà.

Kí ló fà á? Ilé iṣẹ́ kan ń ṣe DDT, oògùn apakòkòrò. Ó ń da omi ìdọ̀tí rẹ̀ sínú gọ́tà tí ó ṣàn lọ sínú òkun. Àwọn ohun kéékèèké inú omi gbé e mì. Ẹja jẹ wọ́n. Ẹyẹ jẹ ẹja púpọ̀. DDT kì í tètè jáde lára, inú ọ̀rá ni ó ń kó jọ sí. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ní 1972, ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de lílo DDT lóko. Nígbà tí ó yá, òfú tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀.

Ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ ẹyẹ ni èyí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1999, ní Borgou, ní àríwá Bẹ̀nẹ̀ níhìn-ín, bàbá kan fín endosulfan sí oko òwú. Àgbàdo wà láàárín òwú náà. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ mẹ́ta lọ roko níbẹ̀. Wọn kò mọ̀ pé a ti fín oògùn. Ebi pa wọ́n, wọ́n jẹ àgbàdo. Kò pẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Wọ́n gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ní Banikoara. Ọ̀kan kú, ọmọ ọdún 12 ni. Lọ́dún náà, ó kéré tán, ènìyàn 37 ni endosulfan pa ní Borgou.

Ní 2011, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fẹnu kò láti fòpin sí lílo endosulfan. Ṣùgbọ́n oògùn mìíràn ṣì wà lọ́jà. À ń pè é ní oògùn, májèlé ni.

Kí ni kí á ṣe?

1. Oògùn òwú, òwú nìkan ni kí ẹ fín in sí. Ẹ má fín in sí ẹ̀fọ́. Ẹ má fi tọ́jú ẹ̀wà.

2. Bí ẹ bá fín oògùn, ẹ sọ fún gbogbo ará ilé, lọ́mọdé lágbà.

3. Ẹ má fọ ẹ̀rọ oògùn lódò. Ẹ má da oògùn sódò láti fi pa ẹja.

4. Ẹ má fi ike oògùn pọn omi. Ẹ má rọ epo sínú rẹ̀.

5. Bí ẹnìkan bá jẹ ẹ́, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ẹ mú ike oògùn náà dání.

Ẹ ti mọ ìwé kà báyìí. Kí ẹ tó ṣí ike oògùn, ẹ ka ohun tí a kọ sí i lára. Bí ó bá jẹ́ Faransé, ẹ wá ẹni tí yóò kà á fún yín.

Ẹ jíròrò: Níbo ni ẹ ń tọ́jú oògùn oko sí nílé yín? Ṣé ọwọ́ ọmọdé lè tó o?