Iṣẹ́ Tí Ó Wà Nídìí Oúnjẹ Àlùfáà

Nígbà tí Jóṣúà ń pín ilẹ̀ Kénáánì fún àwọn ẹ̀yà Ísírẹ́lì, ilé Áárónì kò gba oko kankan. Ìlú 13 ni a fún wọn láti máa gbé, pẹ̀lú pápá tí ẹran ọ̀sìn wọn yóò ti máa jẹ (Jóṣúà 21). Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ìní bíi ti Júdà tàbí Éfúráímù kò kàn wọ́n. Olúwa ti sọ fún Áárónì nínú Númérì 18 pé Òun fúnra Òun ni ìpín rẹ̀. Nítorí náà, ohun tí àwọn ènìyàn bá gbé wá síwájú Olúwa ni àlùfáà àti agbo ilé rẹ̀ yóò jẹ. Bí wọn kò bá gbé nǹkan wá, ebi ni.

Ohun tí ó kàn wọ́n kò kéré. Igẹ̀ àti itan ọ̀tún ẹran ẹbọ àlàáfíà, awọ ẹran ẹbọ sísun, ìyókù ẹbọ ohun jíjẹ, àkọ́so ọkà àti òróró, àti ìdámẹ́wàá nínú ìdámẹ́wàá tí àwọn ọmọ Léfì gbà. Àwọn mìíràn a ka èyí tán, wọn a ní iṣẹ́ àlùfáà mà dùn o, ẹran ni ṣáá! Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ bá a.

Kí ẹnikẹ́ni tó mú ẹran dé, yóò ti wọ ẹ̀wù ọ̀gbọ̀, yóò kó eérú àná kúrò lórí pẹpẹ, yóò pààrọ̀ aṣọ, yóò sì ru eérú náà lọ sẹ́yìn ibùdó. Yóò to igi, nítorí iná náà kò gbọdọ̀ kú lọ́sàn-án tàbí lóru (Léfítíkù 6). Ọ̀dọ́ àgùntàn kan ní òwúrọ̀, ọ̀kan ní ìrọ̀lẹ́, lójoojúmọ́. Fìtílà ń bẹ, tùràrí ń bẹ. Ní ọjọ́ ìsinmi tí olúkúlùkù jókòó sílé, ọ̀dọ́ àgùntàn méjì mìíràn tún kún un, àkàrà ìfihàn 12 sì ń dúró de pípààrọ̀. Ọjọ́ ìsinmi gan-an ni iṣẹ́ wọn pọ̀ sí i!

Òun náà ni yóò yẹ ara ẹni tí a rò pé ó ní ẹ̀tẹ̀ wò, tí yóò sé e mọ́ fún ọjọ́ 7, tí yóò sì tún un wò. Òun ni yóò kọ́ àwọn ènìyàn ní òfin, tí yóò sì bá wọn dá ẹjọ́ tí ó le. Abájọ tí a fi ní kí ó má fẹnu kan ọtí bí ó bá ń wọ inú àgọ́ àjọ lọ.

Oúnjẹ náà pàápàá ní òfin tirẹ̀ (Léfítíkù 22). Alágbàṣe inú ilé kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Ọmọbìnrin àlùfáà tí ó lọ sílé ọkọ tí kì í ṣe àlùfáà kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n bí ọkọ rẹ̀ bá kú, tàbí tí ọkọ kọ̀ ọ́, tí kò sì bímọ, tí ó padà wá sílé bàbá rẹ̀, yóò jẹ gẹ́gẹ́ bí ìgbà èwe rẹ̀. Mo fẹ́ràn òfin yìí púpọ̀. Ọlọ́run kò gbàgbé abọ́ ọmọ tí ìbànújẹ́ dá padà sílé.

Èyí tí ó jinlẹ̀ jù lọ ni ti ẹbọ ẹ̀ṣẹ̀. Àlùfáà tí ó bá rú u ni yóò jẹ ẹ́, ní ibi mímọ́, àfi èyí tí a bá gbé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wọ inú àgọ́. Jíjẹ náà kì í ṣe ti ikùn. Mósè sọ pé Ọlọ́run fi í fún wọn kí wọn lè ru ẹ̀ṣẹ̀ ìjọ (Léfítíkù 10). Ẹ rò ó wò: ọkùnrin kan jókòó ti ẹran, ẹ̀bi àwọn aládùúgbò rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ tí Nádábù àti Ábíhù kú níwájú Olúwa, Mósè wá ewúrẹ́ ẹbọ ẹ̀ṣẹ̀, ó rí i pé wọ́n ti sun ún. Ó bínú sí Élíásárì àti Ítámárì, àwọn ọmọ tí ó ṣẹ́kù. Bàbá wọn ni ó dáhùn. Ó béèrè bóyá inú Olúwa yóò dùn bí òun bá jẹ ẹbọ ẹ̀ṣẹ̀ ní irú ọjọ́ tí nǹkan báyìí dé bá òun. Ọ̀rọ̀ náà sì tẹ́ Mósè lọ́rùn. Áárónì mọ̀ pé oúnjẹ yẹn kì í ṣe oúnjẹ tí a ń fi ẹnu lásán jẹ.

Ẹ wá fi èyí wé àwọn ọmọ Élì. Ìránṣẹ́ wọn a ti àmúga oníka mẹ́ta bọ inú ìkòkò olóòkò; nígbà mìíràn, a fẹ́ ẹran tútù kí ọ̀rá tó jóná fún Olúwa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a fi ipá gbà á. Ẹbọ Olúwa sì di ohun ìríra lójú àwọn tí ń mú un wá (1 Sámúẹ́lì 2).

Ìjọ náà lè bà á jẹ́ láti ọwọ́ tiwọn. Nígbà tí Nehemáyà padà dé Jerúsálẹ́mù, Élíáṣíbù àlùfáà ti fi yàrá ńlá tí wọ́n ń kó ìdámẹ́wàá sí fún Tòbáyà láti máa gbé. Àwọn ọmọ Léfì àti àwọn akọrin kò rí ìpín wọn gbà, olúkúlùkù ti sá lọ sí oko rẹ̀. Nehemáyà da ẹrù Tòbáyà síta, ó ní kí wọ́n wẹ yàrá náà mọ́, ó sì pe àwọn tí ó sá lọ padà sí ipò wọn. Nígbà náà ni gbogbo Júdà mú ọkà, wáìnì àti òróró wá. Ó fi Ṣelemáyà àlùfáà, Sádókù akọ̀wé àti Pedáyà ọmọ Léfì ṣe olùtọ́jú ìṣúra, Hánánì sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́, nítorí a mọ̀ wọ́n sí olóòótọ́. Iṣẹ́ wọn ni láti máa pín in fún àwọn arákùnrin wọn (Nehemáyà 13).