Ṣé Àgbà Ló Gbàgbé Ni, àbí Ìbéèrè Ló Wọ́?

Ọ̀rọ̀ ọpọlọ àwọn àgbà ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò lónìí. Mi ò kì í ṣe oníṣègùn o, onímọ̀ èdè ni mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí dókítà bá fẹ́ mọ̀ bóyá àgbàlagbà kan ti ní àrùn ìgbàgbé tí wọ́n ń pè ní dementia, ìbéèrè ló máa ń bi í, èdè ló sì fi ń béèrè. Bí ìbéèrè bá wọ́, èsì ò lè gún.

Ẹ jẹ́ ká wo ìdánwò kan tó gbajúmọ̀ káyé, Mini-Mental State Examination, tí Folstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1975. Máàkì 30 ló ní. Wọ́n á ní kí èèyàn yọ 7 kúrò nínú 100, kó sì máa yọ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè ní kó pe lẹ́tà inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan láti ẹ̀yìn wá síwájú. Wọ́n á tún ní kó kọ gbólóhùn kan sílẹ̀. Ìyá tí kò lọ sílé ìwé, àmọ́ tó ta aṣọ fún ọdún 40, tó mọ iye tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan jẹ ẹ́ láìwo ìwé, á pàdánù máàkì níbẹ̀. Ṣé ọpọlọ rẹ̀ ló ń kú ni? Rárá o.

Títúmọ̀ lásán ò sì tó. Ìdánwò mìíràn tó wọ́pọ̀ ni pé kí èèyàn dárúkọ gbogbo ẹranko tó bá lè rántí láàárín ìṣẹ́jú kan. Ó rọrùn létí, àbí? Ó yá, ẹ tú ọ̀rọ̀ náà wò bí a ti máa ń ṣe ní kíláàsì: ẹran àti oko ló di ẹranko. Bàbá tó gbọ́ Yorùbá dénú lè ka ẹkùn, erin, ẹfọ̀n àti ìgalà, kó sì dákẹ́. Kò ka ewúrẹ́, torí ẹran ilé ni. Kò ka ẹja àti ẹyẹ rárá. Ẹni tó ń ka máàkì á ní bàbá ti gbàgbé, bẹ́ẹ̀ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ni bàbá tẹ̀ lé.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń yin iṣẹ́ Ìbàdàn àti Indianapolis. Àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n B. O. Osuntokun àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Adesola Ogunniyi wà lára wọn, pawọ́ pọ̀ mọ́ Hugh Hendrie àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Indiana. Wọ́n fi àwọn àgbà Yorùbá tó ń gbé ní Ìdíkàn, ní Ìbàdàn, wé àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ní Indianapolis. Apá méjì ni ìdánwò wọn ní: wọ́n á bi àgbà fúnra rẹ̀, wọ́n á sì bi ẹbí tó mọ̀ ọ́n dáadáa bóyá ó ṣì ń ṣe nǹkan bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Wọ́n tú u sí Yorùbá, wọ́n sì tún tú Yorùbá náà padà sí Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n lè mọ̀ bóyá nǹkan kan ti yí. Ọjọ́ orí pàápàá gba ọgbọ́n, torí ọ̀pọ̀ àgbà ò ní ìwé ọjọ́ ìbí. Ìṣẹ̀lẹ̀ ìtàn ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀, irú èyí tí Ajayi àti Igun ti tò sílẹ̀ ní 1963.

Èsì jáde nínú JAMA ní 2001. Àgbà 2,459 ní Ìbàdàn àti 2,147 ní Indianapolis, tí gbogbo wọn ti pé 65 ó kéré tán, tí kò sì sí dementia lára wọn níbẹ̀rẹ̀, ni wọ́n tọpa. Lọ́dún kan, 1.35 nínú 100 ló ń ní in ní Ìbàdàn. Ní Indianapolis, 3.24 ni. Èyí ò ní ká máa yangàn pé àrùn náà ò mọ ilé wa. Ohun tó ń bi wá ni pé kí ló wà nínú àyíká tàbí nínú ẹ̀jẹ̀ tó fa ìyàtọ̀ yìí. Ká ní ìdánwò wọ́ ni, a ò ní lè béèrè ìyẹn rárá.

Nínú ilé ńkọ́? "Màmá ti ń ṣarán" la máa ń wí, bíi pé ọjọ́ ogbó ló fà á, ọ̀rọ̀ bùṣe. Èyí tó burú jù ni "àjẹ́ ni, ó ti ń ka." Ọ̀rọ̀ yẹn ti lé ìyá oníyàá síta.

Nítorí náà, ẹ fi èyí sọ́kàn. Bí ẹnu bá ṣàdédé wọ́, tí apá kan rọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ kò jáde mọ́, rọpárọsẹ̀ ni kí ẹ fura sí. Ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni. Bí ìdàrúdàpọ̀ bá dé láàárín ọjọ́ méjì mẹ́ta, ó lè jẹ́ ibà tàbí àìsàn mìíràn tó ṣeé wò. Ti dementia máa ń yọ́ wọlé ni, láti oṣù dé oṣù. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí àti ìgbà tí ẹ rí i sílẹ̀, torí ẹ̀rí yín wúlò fún dókítà. Kí ẹ sì ní kí wọ́n fi èdè tí òbí yín gbọ́ jù bi í. Bó bá jẹ́ Èkìtì tàbí Ìjẹ̀bú paraku ló ń sọ, ẹ wá ẹni tó gbọ́ ọ.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó kọ̀wé sí mi. Ẹ bá mi kí àwọn àgbà ilé o.