Ìbọn Kan fún Iṣẹ́ Méjì: Bí Ọdẹ Amẹ́ríkà Ṣe Ń Yan Ìbọn Kábọ́ì

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá lé eku méjì, òfo ni yóò mú bọ̀. Síbẹ̀, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà lónìí, ọ̀pọ̀ ọdẹ ni ó ń wọ ilé ìtajà ìbọn lọ pẹ̀lú èrò pé òun yóò fi ìbọn kan ṣoṣo lé eku méjèèjì, kí ó sì mú wọn. Wọ́n fẹ́ ìbọn tí yóò pa àgbọ̀nrín ní àkókò ọdẹ, tí yóò sì tún bá wọn kópa nínú ìdíje ìbọn yíyìn ti àwọn kábọ́ì nígbà tí àkókò ọdẹ bá kásẹ̀ nílẹ̀. Ìbọn kì í ṣe ohun tí a ń rà lówó pọ́ọ́kú, kò sì sí ẹni tí yóò wù láti ra méjì bí ọ̀kan bá lè ṣe é. Ohun tí ó ń da ọ̀pọ̀ wọn láàmú ni pé ojú ẹwà ìbọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, nígbà tí ó jẹ́ pé ọta tí ìbọn náà ń gbà ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè.

Àwọn tí wọ́n ń lọ wo sinimá ní Kano, Kaduna tàbí Jos ní àwọn ọdún 1960 àti 1970 kò ní ṣàì dá ìbọn yìí mọ̀. Òun ni akọni inú fíìmù máa ń fi sí ẹ̀gbẹ́ gàárì ẹṣin, tí irin roboto kan wà ní abẹ́ rẹ̀, níbi tí ọwọ́ ti ń di ìbọn mú. Bí ayìnbọn bá ti yìn ín tán, yóò ti irin náà síwájú, yóò sì fà á padà. Èèpo ọta tí ó ti jó yóò fò jáde, ọta mìíràn yóò gòkè wọ inú ihò ìbọn, òòlù ẹ̀yìn rẹ̀ yóò sì ti dìde dúró de yíyìn mìíràn. Lífà ni orúkọ irin náà, òun ni wọ́n sì fi ń pe ìbọn ọ̀hún ní onílífà. Inú ọ̀pá kan tí ó wà ní abẹ́ ọ̀pá ìbọn gan-an ni àwọn ọta máa ń tò sí, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, bí ọmọ ilé-ìwé tí ó tò lọ sí kíláàsì. Lójú ọdẹ tí ó ti fi ṣakabùlà ṣiṣẹ́ rí, tí ó mọ bí ó ti ń pẹ́ tó láti rọ ẹ̀tù, kí á ki ọta, kí á sì fi ọ̀pá gún un, ohun ìyanu ni irú ìbọn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bí ti inú sinimá, níbi tí ọta kì í ti í tán.

Benjamin Tyler Henry ni ó gba ìwé àṣẹ lórí èyí tí ó kọ́kọ́ lókìkí nínú wọn ní ọdún 1860. Ọta 16 ni ó ń wọ inú ọ̀pá rẹ̀, wọ́n sì lò ó nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà tí ó parí ní ọdún 1865. Ilé-iṣẹ́ Winchester tẹ̀ lé e pẹ̀lú ti ọdún 1866, lẹ́yìn náà ti ọdún 1873 tí ó gba ọta .44-40. Ìlò ti 1873 yìí ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ tí à ń sọ, nítorí pé kò pẹ́ tí Colt fi ṣe ìbọn ìléwọ́ tí ó ń gba ọta .44-40 kan náà. Darandaran tí ó wà lórí ẹṣin ní aṣálẹ̀, tí kò sí ilé ìtajà nítòsí rẹ̀, lè ra irú ọta kan ṣoṣo fún ìbọn méjèèjì. Nígbà tí ó yá, John Moses Browning, ará Utah, tún ètò inú ìbọn náà ṣe kí ó lè lágbára sí i. Òun ni ó ṣe ti ọdún 1886, ti 1892 àti ti 1894. Èyí tí a dárúkọ kẹ́yìn yìí ni ó di ìbọn àgbọ̀nrín fún gbogbo Amẹ́ríkà láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é fún ọta .30-30 ní ọdún 1895. Ó ju mílíọ̀nù méje lọ tí wọ́n ti ṣe.

Ìdíje náà kò tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1981 ni àwọn ayìnbọn kan bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní gúúsù California, ní ọdún 1987 ni ẹgbẹ́ tí ń darí rẹ̀, Single Action Shooting Society, tí wọ́n ń fi ìkékúrú pè ní SASS, fìdí múlẹ̀. Ẹni tí ó bá wọ ẹgbẹ́ náà yóò yan orúkọ ìnagijẹ tí ẹlòmíràn kò jẹ́, yóò sì múra bí ará ayé ìgbà náà. Agbẹjọ́rò tí ó ń so tai mọ́rùn láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì yóò dé akẹtẹ̀ awọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, yóò sì so ìbọn ìléwọ́ méjì mọ́ ìbàdí. Yàtọ̀ sí méjì wọ̀nyí, yóò mú ìbọn onílífà kan lọ́wọ́ àti ìbọn ọdẹ kan tí ń fọ́n ọta wẹ́wẹ́ ká. Nínú ìpele kọ̀ọ̀kan, ọta mẹ́wàá ni ó sábà máa ń ti inú ìbọn onílífà jáde. Àwo irin ni wọ́n ń yìn ín sí, ní ibi tí ènìyàn lè ju òkúta bá. Aago ni adájọ́. Àwo kan tí ọta kò bá bà, ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún ni wọn yóò fi kún àkókò ayìnbọn.

Òfin ẹgbẹ́ yìí ni ó ń pààlà fún ẹni tí ó fẹ́ lo ìbọn kan fún iṣẹ́ méjì. Ìbọn náà gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí wọ́n ṣe láàárín nǹkan bí ọdún 1860 sí 1899, tàbí àfarawé rẹ̀, tí ọ̀pá ọta wà ní abẹ́ rẹ̀, tí òòlù rẹ̀ sì hàn síta. Nípa bẹ́ẹ̀, Winchester ti ọdún 1895, tí àpótí ni ọta ń wọ̀ sí nínú rẹ̀, kò lè wọlé, bẹ́ẹ̀ ni Savage ti 1899 tí òòlù rẹ̀ fara pamọ́. Ọta rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ irú ti ìbọn ìléwọ́. Òjé ni orí ọta náà gbọ́dọ̀ jẹ́, láìfi bàbà bò ó, kò sì gbọdọ̀ sáré ju ẹsẹ̀ bàtà 1,400 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Òfin yìí kì í ṣe ti àṣejù. Bí ọta tí a fi bàbà bò tàbí èyí tí ó yára jù bá kọ lu irin ní ibi tí ó súnmọ́, ẹ̀rún rẹ̀ lè ta padà sí ojú ayìnbọn tàbí òǹwòran.

Ibí yìí ni ìjà òfin àti ẹran ti bẹ̀rẹ̀. Ọta .30-30, tí ó mọ iṣẹ́ àgbọ̀nrín dáadáa títí dé bí 150 yáàdì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, kò ní àyè nínú ìdíje gbogbogbòò, àyàfi nínú àwọn ìdíje ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ń yìn sí ọ̀nà jíjìn. Ọmọ tí ó jogún Winchester 1894 lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ní ìbọn ọdẹ gidi, ṣùgbọ́n kò tíì ní ìbọn kábọ́ì. Àwọn ọta ìléwọ́ ni ó kù láti yàn nínú wọn, pàápàá .357 Magnum, .44 Magnum àti .45 Colt.

.357 ni ó gbọ́n jù lọ fún ẹni tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n. Ihò rẹ̀ gba ọta .38 Special pẹ̀lú, nítorí pé ìwọ̀nba díẹ̀ ni .38 fi kúrú jù ú lọ. Ọta .38 kò wọ́n, kì í ta èjìká, òun ni púpọ̀ nínú àwọn olùdíje sì ń lò. Bí ó bá wá di ìgbà ọdẹ, ayìnbọn yóò kó .38 kúrò, yóò fi .357 tí ó lágbára sí i. Nínú ọ̀pá ìbọn gígùn, ọta .357 tí ó wúwo tó nǹkan bí gíráàmù mẹ́wàá lè sáré tó ẹsẹ̀ bàtà 1,800 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tí ó ju bí ó ti ń sáré nínú ìbọn ìléwọ́ lọ dáadáa. Ó tó fún àgbọ̀nrín, ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá ti ju 100 yáàdì lọ, agbára rẹ̀ ti rẹ̀. Ẹni tí ó ń fojú sí ẹran tí ó tóbi ju àgbọ̀nrín lásán lọ, .44 Magnum ni kí ó rà, kí ó sì fara da owó ọta àti bí ó ti ń ta èjìká.

Òfin ìjọba pẹ̀lú ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Ní Ohio, láti ọdún 2014, wọ́n gba ìbọn ráífù láyè fún àgbọ̀nrín bí èèpo ọta rẹ̀ bá tọ́ láti ìdí dé orí; .357 àti .44 wọlé, .30-30 tí ọrùn rẹ̀ fún pọ̀ kò wọlé. Colorado ní tirẹ̀ ń béèrè pé kí agbára ọta ṣì pé ìwọ̀n kan ní 100 yáàdì, .357 kì í sì í sábà pé e.

Ní ti ìbọn fúnra rẹ̀, àfarawé Winchester 1873 tí Uberti ń ṣe ní Ítálì ni ó gbajúmọ̀ jù lọ láàárín àwọn olùdíje, nítorí pé lífà rẹ̀ rọ̀ bí ẹni fa òróró. Ṣùgbọ́n ètò inú rẹ̀ kò lágbára tó ti Browning, ó sì wúwo fún ẹni tí yóò gbé e kọ́ èjìká gun òkè láti òwúrọ̀ di alẹ́. Irú ti 1892, tí Rossi ń ṣe ní Brazil àti Miroku ní Japan fún Winchester, fúyẹ́, ó sì le bí òkúta. Lífà rẹ̀ kàn lè ṣe gbáńgbá díẹ̀ kí ó tó mọ́ra. Marlin 1894 ń ta èèpo ọta jáde ní ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe ní òkè, nítorí náà ó rọrùn láti gbé awò ìwo-ọ̀nà-jíjìn lé e lórí fún ọdẹ tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò ní láti tú u kúrò kí ó tó dé ibi ìdíje. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ni ọwọ́ ká, irú ti 1892 tí ó gba .357 ni ó yẹ kí ọdẹ àgbọ̀nrín mú, bí ó bá lè jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun yóò súnmọ́ ẹran kí òun tó yìn.

Ìlérí yẹn ni ó ṣòro. Ìdíje ń kọ́ ọwọ́ láti yára, àwo irin kì í sì í sá, kì í ké. Bí àgbọ̀nrín bá gba ọta tí kò tó agbára, inú igbó ni yóò gbé egbò náà sá wọ̀, ọdẹ yóò sì máa tọ ipa ẹ̀jẹ̀ di òru. Ẹni tí ó ń lo ṣakabùlà mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òun ní, ó sì ń dúró kí ẹran tó yà ẹ̀gbẹ́ sí i. Ẹni tí ó ní ọta mẹ́wàá nínú ọ̀pá máa ń gbàgbé.

Ohun kan wà tí kò gba eré. Nínú ọ̀pá onílífà, imú ọta kan ń kan ìdí èyí tí ó wà níwájú rẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni iná ti ń ràn. Bí imú náà bá ṣóńṣó, tí ìbọn sì gbọ̀n, ọta lè bú nínú ọ̀pá mọ́ ayìnbọn lọ́wọ́. Nítorí náà, ọta tí imú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ ni wọ́n ń lò, tàbí èyí tí ilé-iṣẹ́ Hornady gbé jáde ní nǹkan bí ọdún 2006, tí imú rẹ̀ rọ̀ bí rọ́bà.

Lẹ́yìn tí ó bá ra ìbọn tán, ọdẹ kò gbọdọ̀ gba pé ibi tí .38 bá àwo irin nínú ìdíje ni .357 yóò bá ẹran. Ọ̀tọ̀ ni ibi tí ọta méjèèjì ń bọ́ sí. Kí àkókò ọdẹ tó wọlé, yóò mú ọta ọdẹ rẹ̀ lọ sí pápá, yóò lẹ ìwé mọ́ pátákó ní 50 yáàdì, lẹ́yìn náà ní 100, yóò sì ṣe àmì sí irin ìfojúsùn orí ìbọn níbi tí ó yẹ kí ó wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.