Òótọ́ àbí irọ́? Ọ̀kadà nínú ọyẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́

Bí ọyẹ́ bá ti ń mú ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ ó rí ọlọ́kadà ní Takie tó kọ iwájú jákẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn, tí síìpù wà níbi ìpàkọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú a máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣé ọgbọ́n wà nínú ẹ̀?

Òótọ́ ni, ọgbọ́n wà níbẹ̀. Ara wa ló ń mú afẹ́fẹ́ tó sún mọ́ ọn lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí ọ̀kadà bá ti ń sáré, atẹ́gùn á gbá ooru náà lọ. Ojú síìpù ló sì ń gbà wọlé sí wa láyà. Àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ díje ní Tour de France náà mọ̀ ọ́n: ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń ki ìwé ìròyìn bọ abẹ́ aṣọ láyà kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Ẹni tí kò bá ní jákẹ́ẹ̀tì, kó lo ìwé ìròyìn bẹ́ẹ̀.

“Páragà díẹ̀ ní kùtùkùtù, òtútù á sá.” Irọ́ gbuu! Ọtí inú páragà a máa ṣí iṣan ẹ̀jẹ̀ abẹ́ awọ, ẹ̀jẹ̀ gbígbóná á wá sókè, ara á dà bíi pé ó ń móoru, bẹ́ẹ̀ ooru inú ló ń jò dànù. Ojú á tún ṣú, ọwọ́ á pẹ́ kó tó di bíréèkì mú. Ẹ̀kọ gbígbóná pẹ̀lú àkàrà kò pa ọlọ́kadà kankan rí.

Ti òrí tí wọ́n ní ó ń lé òtútù ńkọ́? Ààbọ̀ òótọ́. Òrí kì í mú ooru wá, àmọ́ kì í jẹ́ kí omi ara gbẹ, ètè àti ọwọ́ kò sì ní là. Ìbọ̀wọ́ ló ń gba ọwọ́ lọ́wọ́ òtútù.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ti àwọn tó ní kò sí ìdí láti tan iná ọ̀kadà lọ́sàn-án. Irọ́ ni, irọ́ tó lè pànìyàn. Eruku aṣálẹ̀ ni ìkùukùu ọyẹ́, púpọ̀ nínú ẹ̀ ń ti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad wá, ó sì lè bo ọ̀nà Ìlọrin dé Ọ̀yọ́, níbi tí tírélà ti ń já bọ̀. Iná ni awakọ̀ ń kọ́kọ́ rí, kó tó rí ènìyàn. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ológere tí kò níná, kó wọ aṣọ tó ń tàn yòò. Káákì kò yàtọ̀ sí eruku. Àwọn èèyàn á máa juwọ́ sí ọlọ́kadà pé iná rẹ̀ ń tàn. Kó kí wọn, kó má pa á.