Ọmọ Tí Ó Lá Àlá Ìkookò

Nínú gbogbo àlá tí mo ti kà nípa rẹ̀, ti ọmọkùnrin ará Rọ́ṣíà kan ni n kò lè gbàgbé. Ó tó ọmọ ọdún 4 nígbà náà. Fèrèsé yàrá rẹ̀ ṣí fúnra rẹ̀, ó sì rí ìkookò funfun 6 tàbí 7 lórí igi, tí gbogbo wọn tẹjú mọ́ ọn. Igbe ni ó fi jí.

Nígbà tí ó dàgbà, ó gbé àlá náà tọ Sigmund Freud lọ ní ìlú Vienna. Nínú ìwé tí Freud tẹ̀ jáde ní 1918, ó ní nígbà tí ọmọ náà wà ní ọmọ ọdún kan ààbọ̀, ó rí bàbá àti ìyá rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń bá ara wọn sùn. Ohun tí kò yé e nígbà náà ni ó padà wá ní àwọ̀ ìkookò.

Ǹjẹ́ ó rí i ní tòótọ́? Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ṣiyèméjì lọ́jọ́ ogbó: ó ní yàrá olùtọ́jú ni ọmọdé ń sùn nílé àwọn, kì í ṣe ti òbí. Freud pàápàá kò dá ẹjọ́ náà tán. Ó ní àwọn àwòrán kan wà nínú ọkàn ènìyàn, yálà ojú rí i tàbí kò rí i: òbí lórí ibùsùn, àgbàlagbà tí ó fi ọwọ́ ìṣekúṣe kan ọmọdé, ọmọ tí wọ́n fẹ́ gé nǹkan ọkùnrin rẹ̀. Àròsọ ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni mo ń pè wọ́n. Ó gbà pé a jogún wọn lọ́wọ́ àwọn babańlá, bí a ti ń jogún ìrísí imú. Èmi kò gba ti ogún yìí.

Àlàyé àwọn ará Faransé méjì, Jean Laplanche àti J.-B. Pontalis, ní 1964 ni ó tẹ́ mi lọ́rùn. Wọ́n ní ìbéèrè ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dáhùn, bí ìtàn ìwáṣẹ̀ (àwa tí a kẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá mọ iṣẹ́ rẹ̀): níbo ni mo ti wá? Níbo ni ìfẹ́kùfẹ̀ẹ́ ara ti wá? Kí ló ya akọ sọ́tọ̀ lára abo?

Ewu kan wà níbẹ̀ ṣá o. Freud ti kọ́kọ́ gbà pé wọ́n bá àwọn aláìsàn rẹ̀ ṣèṣekúṣe ní kékeré. Ní oṣù Kẹsàn-án 1897, ó kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Wilhelm Fliess pé òun kò gba èrò náà gbọ́ mọ́. Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti rí ohun tí wọn yóò fi pe ẹkún ọmọ ní àròsọ. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ní ẹnìkan fọwọ́ kan òun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi orúkọ Freud pa á lẹ́nu mọ́. Nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti ṣàlàyé àròsọ ìpilẹ̀ṣẹ̀ gan-an, tí a tẹ̀ ní 1917, ó kìlọ̀ pé kí a má rò pé ìṣekúṣe ìbátan sí ọmọdé kàn jẹ́ àròsọ, nítorí ọ̀pọ̀ oníṣègùn ọkàn ni ó ti tọ́jú àwọn tí ó ṣẹlẹ̀ sí ní tòótọ́, tí ẹ̀rí rẹ̀ sì dájú.